Ó Jìnnà sí Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ibùdó Ìwé Àfọwọ́kọ àti Àṣà Ìlọrin

Ẹ̀yin olùdarí àti òṣìṣẹ́ Ibùdó Ìwé Àfọwọ́kọ àti Àṣà Ìlọrin, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, Màlété,

Assalamu alaikum. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ohun àwọn àgbà. Pákátà ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, abiyamọ sì ni mí; ọmọ mi ọkùnrin ń kàwé ní Al-Azhar ní Cairo. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń gba àwọn ìwé tí àwọn àlùfáà Ìlọrin fọwọ́ kọ ní èdè Lárúbáwá àti ní àjàmí, ìyẹn Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, sílẹ̀ lọ́wọ́ ikán àti òjò. Ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá ni pé kí ẹ gba oríṣi ìwé mìíràn mọ́ ọn: lẹ́tà tí àwọn èèyàn wa tó wà lẹ́yìn odi kọ ránṣẹ́ sílé nígbà tí ogun ń jà ní ìlú tó múlé ti ibi tí wọ́n wà. Bí ẹ bá ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, ẹ forí jì mí, ẹ kàn jẹ́ kí àwa ará àdúgbò gbọ́, nítorí pé à ń dáná sun ún nínú ilé wa láìmọ ohun tí à ń sun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá mi.

Ní October 1990, ìwé kan dé ilé wa láti Riyadh. Àbúrò bàbá mi ló kọ ọ́; Bàbá Kékeré ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wà ní Saudi nígbà náà, aṣọ ló ń rán níbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onílé. Ọwọ́ alálàájì ni ìwé rẹ̀ máa ń bá wá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn alálàájì ti dé tán. Ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ní Mínà ní July 2, èrò há mọ́ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè kọjá, ènìyàn 1,426 ló kú. A ò tíì sinmi tán lẹ́yìn tí a gbọ́ pé Bàbá Kékeré kò sí nínú wọn tí August 2 fi dé, tí àwọn ọmọ ogun Iraq fi wọ Kuwait. Kuwait àti Saudi, ààlà kan náà ni wọ́n jọ ní. Láti ọjọ́ yẹn ni rédíò kò ti kúrò létí bàbá mi, BBC Hausa láàárọ̀, Rédíò Kwara lọ́sàn-án.

Ẹnì kan tó lọ ṣe Úmúrà ló gba ìwé náà bọ̀. Ìwé onílà ni, wọ́n já a kúrò nínú ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n pa á ní ìpà mẹ́jọ títí ó fi rí bíi tírà. Àjàmí ni Bàbá Kékeré fi kọ ọ́, nítorí iléèwé kéú nìkan ló lọ. Nínú gbogbo wa tó wà nílé, kò sẹ́ni tó lè kà á geere àfi Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní iwájú ilé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, ní kí wọ́n lọ pè é wá. Ọmọ ọdún 12 ni mí. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni mo jókòó sí, níbi tí mo ti ń rí ojú Alfa dáadáa.

Alfa ka Bísímílàhì. Ó ka ìkíni, tó gba ìdajì ìwé náà: kí a bá òun kí Ìyá, kí a bá òun kí Ìyàwó, kí a bá òun kí ará ilé Ìmáàmù, kí a bá òun kí ẹni tó ń ta wàrà ní ìsàlẹ̀ ilé. Ó ka ọ̀rọ̀ páànù òrùlé. Ó ka pé ohun tí a ń gbọ́ nínú rédíò jìnnà sí wọn. Lẹ́yìn náà, ó dúró díẹ̀, ó nu ojú, ó sì kà pé, "Oògùn súnmọ́ wa." Ó ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà pé ilé ìwòsàn ńlá kan ló wà nítòsí ibi tí wọ́n ń gbé. Ìyá Àgbà ní Alhamdulillahi, nítorí inú rírun ti máa ń da Bàbá Kékeré láàmú láti kékeré. Alfa ka àdúà ìparí, gbogbo wa ṣe àmín, wọ́n sì fún un ní owó kóbọ̀ díẹ̀ àti tùwó.

Ìyá Àgbà kú ní 1998. Àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí bàbá mi náà dolóògbé ni mo tó ṣí i, mo sì bá ìwé náà níbẹ̀, nínú agolo mílíìkì, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì méjì. Mo ti kọ́ àjàmí nígbà náà. Mo jókòó ti ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ibi oògùn yẹn.

Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ pé àjàmí kì í sàmì ohùn. Rúfúà kan náà, àmì tí wọ́n ń fi sórí lẹ́tà, ló ń dúró fún o, fún ọ, fún u. Ogun tó ń pa ènìyàn, oògùn tó ń wo ènìyàn sàn, ogún tí òkú fi sílẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń rí lójú ìwé. Ẹni tó ń kà á ló máa fi ohùn sí i. Alfa lè ti ṣi í kà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn, títí mo fi ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, èyí tí kò kà sí wa létí rárá lọ́jọ́ náà: "Ẹ má rán ọmọ yẹn wá mọ́."

Ogun súnmọ́ wa. Ẹ má rán ọmọ yẹn wá mọ́.

Ọmọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ti ń wá ìwé ìrìnnà fún kí ó lè lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Bàbá Kékeré. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí ìwé yẹn dé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Alfa àti bàbá mi dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ni bàbá mi sọ pé owó kò tó fún ìrìnàjò ẹ̀gbọ́n mi, pé kó dúró ná. Ẹ̀gbọ́n mi bínú títí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un, àfi èmi, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé.

Mi ò bá Alfa wí. Ó fẹ́ kí abiyamọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì jíṣẹ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ìtọ́jú tí ọkùnrin yẹn fi ka ìwé ẹlẹ́yọ ewé kan, mo ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mi ò bá ṣí àpótí yẹn, bí àwọn àbúrò mi bá ti kó o dà sí ààtàn bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ tí Bàbá Kékeré ní láti sọ gan-an ì bá má dé etí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Gbólóhùn kan tún wà nínú ìwé kan náà tí Alfa kà sókè láìfo nǹkan kan, nítorí ó rò pé kò wúwo. Bàbá Kékeré kọ ọ́ pé ẹni tí òun ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ti kó lọ, pé ará Yemen ni, pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ti tì ní àdúgbò. Gbogbo ilé gbọ́ ọ, wọ́n sì ń retí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbéjú sókè. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ṣe wá ní Tamale nìyẹn."

Ìyá Àgbà àti ọkọ rẹ̀ ta aṣọ ní Tamale fún ọdún gbọọrọ, bí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣòwò káàkiri àríwá Ghana nígbà náà. Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà wọn tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, àwìn ni, wọn kò sì rí i gbà títí dòní. Ìdí nìyí tí ìyá tí kò mọ̀wé, tí kò mọ ibi tí Kuwait wà, fi lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Riyadh kí rédíò tó ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn ará Yemen tó ju 700,000 lọ ló padà sílé láti Saudi lọ́dún yẹn, nítorí pé ìjọba orílẹ̀-èdè wọn kò bá Saudi dúró lórí ọ̀rọ̀ Kuwait, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ìgbélùú tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwa náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí, ní January 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana jáde níbí. Lọ́dún yẹn, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí wọ́n fi àwọn ará Ghana ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé wa.

Èsì tó ní kí Alfa kọ padà kò gùn. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé kí ó má rán aṣọ àwìn fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ wo bí ìwé kan ṣe kó Kuwait, Yemen, Tamale àti Pákátà pọ̀. Mi ò rò pé ìtàn ogun yẹn tí wọ́n kọ ní èdè ńláńlá ayé lè sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Ìlọrin. Tiwa ni èyí, èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ wa ló sì wà.

Ti kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì ńkọ́? Ní January 1991, nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú ju àdó olóró lu Iraq, Iraq náà ń ju ohun ìjà Scud sí Riyadh. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú pé gáàsì olóró lè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí wíńdò yàrá kan nínú ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, apá kìíní. Ó kí gbogbo wa. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ òfì ní Ọjà Ọba. Ìró kan wá dún, krààà, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Ó dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fiyè sí i, wíńdò la ń lẹ̀, ọyẹ́ ni." Ó tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òfì.

Ọyẹ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ọ, a gbà á gbọ́, nítorí pé oṣù ọyẹ́ ni January níbí náà.

Àwọn alálàájì ọdún 1991 ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá, ní ìparí oṣù June. Ogun náà ti parí láti February 28. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ilé kóra jọ yí rédíò alákásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ká, ohùn ọkùnrin tó wà nínú ewu tí a ń gbọ́, ewu náà ti kọjá ní oṣù mẹ́rin. Ìyá Àgbà ń dá a lóhùn bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé kó wọ aṣọ òtútù.

Kásẹ́ẹ̀tì kejì ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo gbìyànjú láti gbọ́ ọ, rédíò jẹ ẹ́, mo fi pẹ́ńsù yí i padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan ti já. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, mi ò sì gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí wà. Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, ọmọ Ọ̀fà, sọ fún mi pé bàbá òun ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Danané ní Côte d'Ivoire, létí ààlà Liberia, nígbà tí àwọn jagunjagun Charles Taylor ti Côte d'Ivoire wọ Nimba ní Liberia ní December 24, 1989. Bàbá náà ń kọ̀wé sílé lóṣooṣù, ó ń sọ iye àwọn tó ń sá wọ ìlú, ẹni tó gbà sílé, ọmọ tí wọn kò rí ìyá rẹ̀. Mo béèrè pé níbo ni ìwé náà wà. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àwọn, wọ́n palẹ̀ yàrá mọ́ fún àwọn àlejò ogójì ọjọ́, wọ́n sì fi àwọn ìwé náà dáná omi gbígbóná. Bó ṣe sọ ọ́, ó dákẹ́, ó ní òun kò rò ó rí títí di ọjọ́ tí mo béèrè.

Ó wá kan tèmi.

Ọmọ mi lọ sí Cairo ní 2021. Madinatul Bu'uth ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Al-Azhar tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó yá, òun àti àwọn ọmọ Ìlọrin mẹ́ta háyà yàrá ní Faisal, ní ìhà Giza. Orí WhatsApp la ti ń gbọ́ra wa. Kì í fẹ́ kọ̀wé, ohùn ló máa ń gbà ránṣẹ́. Àwọn ọmọ yìí ń pè é ní fọ́ìsì nóòtì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Kékeré náà ni, kò kàn gba ọwọ́ alálàájì mọ́ ni.

Ní April 15, 2023, nínú oṣù Ramadan, ogun bẹ́ ní Khartoum, olú-ìlú Sudan, láàárín àwọn ọmọ ogun ìjọba tí Burhan ń darí àti RSF, ẹgbẹ́ ológun tí Hemedti ń darí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Khartoum, ní Yunifásítì Àgbáyé ti Áfíríkà. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú yìí ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúà ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun gbogbo. Mo pe ọmọ mi. Ó ní, "Màmi, Sudan ni o. Ó jìnnà sí wa. Mò ń jẹun, ara mi le."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iléèwé kéú wà ní Khartoum. Ó wà lára àwọn tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Argeen, létí ààlà Egypt, tí wọ́n sì dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti kọjá lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Aswan. Ó bá àwọn 376 tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá ní alẹ́ May 3 wálé. Nígbà tó wá kí mi, sálúbàtà rọ́bà ló wọ̀, ó sì di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú nylon méjì tí ó kó sábẹ́ aṣọ, ó ṣì ń gbé e kiri bí ẹni pé wọ́n tún lè ní kó sáré. Ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nílé mi. Ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní láti oṣù kìíní tí nǹkan ti wọ́n ní Khartoum ni ọmọ mi ti ń fi ìdajì owó oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Mò ń jẹun, ara mi le.

Mo padà sínú fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún gbogbo ohùn rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ibi tó ti ní òun kò fẹ́ràn búrẹ́dì mọ́. Ibi tó ti béèrè bóyá mo lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú ìparí oṣù. Bí mo ṣe jókòó ti ìwé Bàbá Kékeré ní ọjọ́sí ni mo ṣe jókòó ti fóònù náà, mo ń wá ogun níbi tí wọ́n ti kà á sí mi létí ní oògùn.

Lẹ́yìn náà ni ti Gaza dé, ní October 2023. Egypt ló ni ìhà kejì ẹnubodè Rafah tó wọ Gaza. Ní ọdún kan náà, ilẹ̀ tí ọmọ mi wà wá ní ogun ní gúúsù àti ogun ní ìlà-oòrùn. Àwọn ará Sudan tó ju mílíọ̀nù kan lọ sá wọ Egypt. Àwọn ìdílé mìíràn wá sí Faisal gan-an, onílé rí owó, ó fi owó ilé kún un, ó tún fi kún un. Ní March 6, 2024, wọ́n fi owó Egypt sílẹ̀ kó wá ipò ara rẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 31 láàárọ̀ ti tó 50 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n ń pa iná fún wákàtí méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, lójúmọ́. Gbogbo èyí wà nínú ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní ìyà. Ó máa ń ní, "Màmi, wọ́n ti múná lọ, mo wà lórí òrùlé, atẹ́gùn dáa níbí." Màá gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń ké ní èdè Lárúbáwá ti àwọn ará Sudan. Màá gbọ́ ìrun ìrọ̀lẹ́ láti mọ́sálásí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, àti àdúà kùnúùtù tí ìmáàmù ń ṣe fún àwọn ará Gaza, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ mi á ní, "Rafah jìnnà sí wa."

Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́ fún ọdún méjì ó lé. Nígbà tó di ọjọ́ kan, fóònù mi bọ́ sómi. Mo gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ó gbà á, ó ní kí n padà wá lọ́sàn-án. Ó fún mi ní fóònù mi padà, ó ń tàn yinrin, ó mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti fláàṣì rẹ̀. Ó ní òun rò pé ohun tí mo fẹ́ ni kó ṣiṣẹ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún, ẹnu ya ọmọkùnrin náà, ó ń bẹ̀ mí. Kò mọ ohun tó pa. Ìwé Bàbá Kékeré ti lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n nínú agolo mílíìkì, ikán kò rí i jẹ. Ohùn ọmọ mi kò lo ọdún mẹ́ta.

Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín nìyí. Mi ò rò pé ẹ lè jókòó sí Màlété kí àwọn ìwé yìí máa wá bá yín. Ẹni tó ní in kò mọ̀ pé nǹkan ni. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará Pákátà tàbí Òkè Málé bóyá ó ní ìwé àfọwọ́kọ nílé, yóò ní rárá, àwọn ò ní àlùfáà nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ ti gbé Saudi, Ghana, Abidjan, Sudan rí, kí ẹ sì béèrè ibi tí àpótí rẹ̀ wà. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí àwọn agbo ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán ìwé lójú ẹsẹ̀, kí onílé má baà bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ gbé e lọ. Ẹ wá ẹni tó lè gba ohùn jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì kí tápù rẹ̀ tó jẹra tán, nítorí pé ìyẹn kò lè dúró de ìpàdé mìíràn. Ẹ ṣe ibì kan tí abiyamọ lè fi ohùn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí láti orí fóònù, kó sọ ọjọ́ tó gbà á àti ibi tí ọmọ náà wà. Ẹ má sì pin sí Ìlọrin. Ọ̀fà ní tiwọn, Òmù-Àrán ní tiwọn, àwọn ará Ìgbómìnà tí ọmọ wọn wà ní Poland lọ́jọ́ tí Russia wọ Ukraine, February 24, 2022, ní tiwọn.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má ṣa èyí tó dùn nìkan. Ìwé tó ń béèrè páànù òrùlé, ìwé tó ń kí ènìyàn mẹ́tàdínlógún láìsọ nǹkan mìíràn, ẹ gbà á. Inú irú rẹ̀ ni ogun máa ń sá pamọ́ sí. Kí ẹni tó bá ń kọ àjàmí jáde ní Yorùbá òde òní sì fi ohùn tó ṣiyèméjì sílẹ̀ bó ṣe wà, kó kọ méjèèjì síbẹ̀, ogun àti oògùn, kó má ṣe yan ọ̀kan fún wa.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀ o, mo mọ̀. Bàbá Kékeré kò ní ìwé ìgbélùú fún ọdún mélòó kan, ó sì ní ohun tó kọ nípa ìyàwó tí ilé kò mọ̀. Ẹlòmíràn á ní gbèsè nínú ìwé rẹ̀, á ní ìjà ogún. Kí onílé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ẹ dì í fún ọgbọ̀n ọdún, kí ẹ sì dì í lóòótọ́. Kí ẹ yọ orúkọ tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ. Láìsí ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò ṣí àpótí fún yín, èmi náà kò sì ní ṣí tèmi.

Oríkì wa ní ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. A mọ ogun láti orí ẹṣin, wọ́n sì ti kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ aṣọ rírán ní ìlú onílùú, tó ń gbọ́ fèrè ìkìlọ̀, tó sì ń ronú ohun tí òun lè sọ fún ìyá òun, kò sí nínú oríkì náà.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un. Ní November 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrùkù, níbí ní gúúsù Kwara, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn 38 lọ kí wọ́n tó rí wọn gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Fóònù mi dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ mi ni. Ó ti rí i ní Cairo, kò tíì sùn. Ó ń béèrè bóyá mo wà dáadáa, bóyá ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ dára, bóyá àbúrò rẹ̀ ti padà láti Òmù-Àrán.

Àbúrò rẹ̀ kò tíì padà. Mi ò tíì rí i bá sọ̀rọ̀ láti alẹ́. Mo tẹ fóònù, mo gba ohùn sílẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, àlàáfíà la wà. Èrùkù ni wọ́n sọ. Ó jìnnà sí wa."

Lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Àbúrò rẹ̀ padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara rẹ̀ le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù ọmọ mi, mo ní kó má pa á rẹ́. Ìwé Riyadh àti kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà nínú agolo mílíìkì wọn, mo ti fi aṣọ wé e. Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún mi, màá gbé e wá sí Màlété, màá sì gbé ohùn tèmi náà wá.

Èmi ni,
Abiyamọ kan ní Pákátà, Ìlọrin.